Ìgbésẹ̀ Mọ́kànlá

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Fọlájìn pé
mo ti rí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́nà Ọ̀dà, lọ́dọ̀ àwọn ẹranko ajẹran,
ó rò pé Àmọ̀tẹ́kùn ni mo lọ forúkọ sí,
pé wọn yóò fún mi ní ìbọn àti bàtà gíga.
Bàtà gíga, wọ́n fún mi lóòótọ́.
Búrọ́ọ̀ṣì ni ìbọn mi.
Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tó ń fọ ọpọ́n omi kìnnìún
láìgba kọ́bọ̀.
"Ṣé bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì nìyẹn?" ló bi mí,
ó sì di ẹ̀bà mi sínú kúlà.

Ẹ má bi mí nídìí ẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe wọ́dà l'Olókùtà.
Ìdì kọ́kọ́rọ́ ló tẹ ìbàdí òsì mi wọlẹ̀;
títí dòní, bí mo bá ń rìn,
ó ń wá ìwúwo tí kò sí mọ́.

Màdáámù lorúkọ tí wọ́n ń pè é ní òtẹ́ẹ̀lì,
níbi tí wọ́n ti fi í dá àlejò lára yá
láàárín ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ibi tí wọ́n ti ń sun ẹja.
Ọdún mẹ́sàn-án nínú àgò.
Èéfín ẹja. Iná kámẹ́rà. Ẹni tó bá yó a ju egungun lù ú.
Nígbà tí olówó kú, àwọn ọmọ pín ilé, wọ́n pín mọ́tò,
kò sẹ́ni tó ní, "Èmi ni kí ẹ fún ní kìnnìún."

Báyìí, ó ní pápá.
Ìrókò kan wà níbẹ̀, eèsún wà,
àpáta kan wà tí oòrùn ń yá lára láti ìyálẹ̀ta.
Túyì, ọmọdébìnrin tó jẹ́ dókítà ẹranko, tó tún jẹ́ ọ̀gá mi,
ṣí ilẹ̀kùn. A fà sẹ́yìn. A ò mí.
Màdáámù jáde.
Ó rin ìgbésẹ̀ mọ́kànlá.
Ó yí padà.
Ó rin mọ́kànlá, ó yí padà
níbi tí ògiri kankan kò sí,
ó yọ imú fún afẹ́fẹ́ bí ẹni pé irin ni.

Túyì sunkún. Èmi ò sunkún,
torí mo ti rí i rí.
Akíndúró, tó fi ọdún mẹ́rìnlá dúró de ẹjọ́:
lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ mo sìn ín dé géètì,
géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu,
ó dúró, ó ń wò mí,
ó ń retí kí n sọ pé, "Kọjá."
Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.
Ọlọ́run, mo rẹ́rìn-ín.

Òfin ibí ni pé a kì í fọwọ́ kàn án,
a kì í pè é bí ẹni ń pe ológbò.
Ẹran kílò mẹ́fà; oògùn oríkèé ríro, inú ẹ̀dọ̀ là ń fi í pamọ́ sí.
Ibi tí ìgbésẹ̀ kejìlá yóò bọ́ sí ni mò ń gbé e sí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ó wò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó yí padà.
Bílẹ̀ bá ṣú, àwa náà la ó fi irin gígùn tì í sún mọ́ ọn.

Òjò àkọ́rọ̀ gba ọ̀nà Ìdànrè wá.
Kòkó inú oko tó bá wa pààlà yọ òdòdó.
Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan mò ń kà á,
bí mo ṣe máa ń ka àwọn èèyàn kí wọ́n tó sùn,
mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá,
ẹsẹ̀ iwájú kan dúró lókè.
Ó pẹ́.
Ó gbé e kalẹ̀.

Mo bọ́ fìlà. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.
Bó ṣe jẹ ẹran tán ó padà sínú ìrìn rẹ̀ àtijọ́,
ṣùgbọ́n Túyì ti kọ "méjìlá" sínú ìwé,
ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà Oyèmẹkùn ni mo gbà relé,
etí mi ń gbọ́ ẹkùn nínú orúkọ náà.
Lálẹ́ mo ti ilẹ̀kùn, mo fà á wò, mo tún fà á wò.
Láti orí bẹ́ẹ̀dì, nínú òkùnkùn,
Ìyá Fọlájìn ń bá mi kà á:
"Ọ̀kan. Èjì."
Ó ń dúró de ẹ̀kẹta.